Corolla 2004 mi, kóòdù P0171 kọ̀ kò lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ẹ gbà mí

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sú yín torí ó máa gùn díẹ̀. Corolla 2004 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó ti lé lọ́dún méjì lọ́wọ́ mi, kò yọ mí lẹ́nu rí àfi láti bí oṣù mẹ́ta báyìí tí iná check engine ti ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n fi sikánà sí i, ó gbé P0171 jáde. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní oxygen sẹ́ńsọ̀ ló ti kú, mo ra òmíràn, ọjọ́ kẹta ni iná padà. Ó ní plọ́ọ̀gì ni, a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná tún padà. Ó wá ní MAF ni, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, mo ra MAF tòkunbọ̀, ìyẹn náà ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Ní báyìí ó ní bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, ló kù ká pààrọ̀, iye tó pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mi méjì.

Bó ṣe ń ṣe rèé. Láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ẹ̀ ó máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tí mo bá dúró ní Tákíẹ́ kí àwọn ọlọ́kadà kọjá, ẹ́ńjìnì á máa lọ sílẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kú, àmọ́ tí mo bá ti bọ́ sí títì Ọ̀yọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, kò sóhun tó ń ṣe é mọ́. Epo tó ń jẹ ti pọ̀ sí i. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Páàtì:
Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnáwó. Èmi ń ta páàtì, ká ní ti ọjà ni, ṣe ni kí n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá rà á, àmọ́ mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan bréènì bọ́ọ̀sì. Àwọn tó ti wá ra bréènì bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi tìtorí P0171, bí ẹni mẹ́ta, gbogbo wọn ló padà wá sọ fún mi pé iná ṣì ń tàn, páàtì oníná sì rèé, tẹ́ ẹ bá ti fi sínú mọ́tò, kò sẹ́ni tó máa gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ n bi yín, níbo lẹ ti ń ra epo? Tó bá jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ti ń rà á nígbà tí epo ò sí, ìdọ̀tí lè ti dí asẹ́ tó wà nídìí pọ́ọ̀ǹpù nínú táǹkì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Awakọ̀ Ọ̀yọ́:
Ẹ tú orí bátìrì kalẹ̀ mọ́jú, ẹ dé e padà láàárọ̀. Ti èmi lọ bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì Apákẹ́:
Bátìrì tẹ́ ẹ bá tú, ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì ti kọ sílẹ̀ ló máa pa rẹ́, àìsàn yẹn wà níbẹ̀, kó tó tún kọ ọ́ tán iná á kú fún ọjọ́ mélòó kan, onímọ́tò á sì rò pé ó ti san. Ẹ dákun ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, Tíṣà.

Ẹ jẹ́ n là á yékéyéké torí owó tẹ́ ẹ ti ná yìí ń dùn mí bíi pé apò mi ló ti jáde. Nínú P0171 yẹn, P ń bá ẹ́ńjìnì àti gíà wí, òdo tó tẹ̀ lé e ń sọ pé kóòdù tí gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò jọ ń lò ni, 1 yẹn ọ̀rọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ ni. 71 wá ní afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ ní bank 1, ìyẹn apá kìíní àwọn sílíńdà, sílíńdà mẹ́rin ni Corolla yín ní, bank kan ṣoṣo náà nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa, kò síbi tó ti dárúkọ oxygen sẹ́ńsọ̀. Oxygen sẹ́ńsọ̀ ló wá fẹjọ́ sùn, òun ni wọ́n wá tì mọ́lé.

Bẹntiróòlù tó bá máa jóná dáadáa, kílò epo kan á gba afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7. MAF ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà nídìí fílítà tó ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, iye tó bá kà ni bréènì bọ́ọ̀sì máa fi wọn epo tí nọ́sù máa tú. Tí ihò kan bá wá wà lẹ́yìn MAF, afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni ò kà á. Oxygen sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàlẹ́ńsà á ké sí bréènì bọ́ọ̀sì pé epo ò tó, ìyẹn á bù kún un. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń ro ọkà tẹ́nìkan ń da èlùbọ́ sí i láti ẹ̀yìn láìjẹ́ kó mọ̀, á máa bu omi gbígbóná kún un, á máa bù kún un, títí omi á fi tán nílẹ̀. Èyí tí bréènì bọ́ọ̀sì ń bù kún un yẹn ni wọ́n ń pè ní fuel trim, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kà á: short term ni èyí tó ń bù lójú ẹsẹ̀, long term ni èyí tó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó bá bù ú bù ú tó débi tí ò lè bù kọjá mọ́, ó di dandan kó tan iná.

Nítorí náà ẹ wá ẹni tó ní sikánà tó ń fi nọ́ńbà hàn, kì í ṣe èyí tó kàn ń ka kóòdù, ẹ wo fuel trim nígbà tí mọ́tò dúró lójú kan, kẹ́ ẹ tún tẹ ẹ́ dé ibi tí ẹ́ńjìnì á máa yí nígbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ dì í mú síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ wá fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G:
Ẹ káàárọ̀ sà, Tíṣà. Mo ní sikánà kékeré tó ń lo Bluetooth, fóònù ni mo fi ń wò ó, mo lè mú un wá bá yín lọ́jọ́ Sátidé, mi ò gbowó. Ojú ibi tó ń wọ̀ wà lábẹ́ sítíárìn, gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Kí ẹnikẹ́ni má pa kóòdù yẹn rẹ́ kí n tó dé o sà, torí ọjọ́ tí iná tàn, bréènì bọ́ọ̀sì ti ya àwòrán bí ẹ́ńjìnì ṣe wà lásìkò yẹn pamọ́, freeze frame ni wọ́n ń pè é, á sọ bó ṣe gbóná tó, bó ṣe ń sáré tó, bóyá mọ́tò wà lójú kan tàbí ó ń lọ. Tí wọ́n bá ti pa kóòdù rẹ́, òun náà ti lọ nìyẹn.

Mẹkáníìkì Apákẹ́:
O ṣeun ọmọ dáadáa, o káre.

Ríwáyà Sábó:
MAF tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ rà yẹn ò fọkàn mi balẹ̀, Tíṣà, feeki pọ̀ lára wọn tí ìwé orí ẹ̀ sì jọ ojúlówó. Ṣé tàtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín? Tó bá wà, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ ra ọṣẹ spray tí wọ́n ṣe fún MAF, kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí wáyà tín-tìn-tín inú ẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má sì lo èyí tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀. Eruku ọyẹ́ ìlú wa yìí kì í ṣe kékeré, tí fílítà ò bá jókòó dáadáa, gbogbo ẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ wáyà yẹn, á wá máa ka afẹ́fẹ́ ní àkàdín. Ẹ tún bá mi tẹ́tí sí sàlẹ́ńsà lókè kó tó dé ibi sẹ́ńsọ̀, tó bá ń ṣe tẹ́-tẹ́-tẹ́ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ìta ń wọ ibẹ̀, ó lè tan sẹ́ńsọ̀ jẹ.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àbúrò wa láti Under-G wá lánàá, Ọlọ́run á jẹ́ kó kàwé ẹ̀ yọrí. Sàlẹ́ńsà ò dún. Mo ti dá MAF àtijọ́ padà, a sì fọ̀ ọ́. Nọ́ńbà tá a rí rèé:

Tó bá wà lójú kan, long term +24, short term +7. Tá a tẹ̀ ẹ́ dé 2500, long term +6, short term +1. Lójú kan, MAF ń ka gíráàmù afẹ́fẹ́ 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán tó yà pamọ́ ní ọjọ́ tí iná tàn: ìgbóná omi ẹ́ńjìnì 58 Celsius, mọ́tò dúró lójú kan, ẹ́ńjìnì ń yí ní 690.

Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí o, àmọ́ àbúrò wa rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i.

Mẹkáníìkì Apákẹ́:
Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín! Tíṣà, bréènì bọ́ọ̀sì yín ò ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà tó bá wà láàárín òdo sí bíi 5 sókè tàbí sílẹ̀, ara le. Tó bá ti kọjá 10 ó yẹ kéèyàn wá ìdí ẹ̀. Ti yín jẹ́ 24 lójú kan, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó bọ́ sí 6. Ihò ni, afẹ́fẹ́ tí wọn ò kà ló ń wọlé. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé tí mọ́tò bá wà lójú kan, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń mí, ihò kékeré á wá dà bíi nǹkan ńlá nínú ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé á pọ̀ débi pé ti ihò ò ní já mọ́ nǹkan mọ́. Ká ní pọ́ọ̀ǹpù epo ni, bí Àǹtí ṣe wí, òdì kejì ẹ̀ lẹ máa rí, lójú kan á dáa, lórí eré ni nọ́ńbà á máa gòkè, tí wọ́n bá sì fi géèjì wọn agbára tí epo fi ń jáde, kò ní dé 44 sí 50 psi tí Toyota fẹ́ fún ẹ́ńjìnì yìí. MAF tó dọ̀tí náà, orí eré ló ti máa ń hàn jù. 1.5 tó ń kà yẹn, ẹ́ńjìnì 1.8 lítà tí ara ẹ̀ le, bíi 2 ló yẹ kó máa kà, èyí tó kù ń gba ibòmíì wọlé.

Ẹ wá tọpa gbogbo họ́ọ̀sì tó wà láàárín MAF sí ẹ́ńjìnì. Rọ́bà ńlá tó lọ sí túrótù, ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ bá tẹ mọ́tò, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wo inú àwọn ìpẹ́ ara ẹ̀. Họ́ọ̀sì tó lọ sí bíréèkì. Họ́ọ̀sì PCV tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnì láti orí ẹ̀ lọ sí mánífóòdù, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà, èyí ni kẹ́ ẹ fi ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, torí òkè ẹ̀ lè máa dán kí abẹ́ ti já. Lẹ́yìn náà gásíkẹ́tì mánífóòdù fúnra ẹ̀, rọ́bà tó dí àárín òun àti ẹ́ńjìnì.

Awakọ̀ Ọ̀yọ́:
Ọ̀nà kan tó yá ju ìyẹn lọ wà, bẹntiróòlù la máa ń fà sínú sírínjì, a ó máa fọ́n ọn sí gbogbo ojú gásíkẹ́tì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ibi tí ẹ́ńjìnì bá ti gbé ohùn sókè, ibẹ̀ ni.

Mẹkáníìkì Apákẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ ti wa mọ́tò tipẹ́, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bẹntiróòlù lórí ẹ́ńjìnì tó gbóná, tí iná ń ṣẹ́ lórí kọ́ìlì! Ọmọ iṣẹ́ kan tá a jọ kọ́ṣẹ́, apá ẹ̀ ọ̀tún ò nà mọ́ títí dòní tìtorí ẹ̀. Omi lásán tó fún un. Ẹ gba ìgò tí wọ́n fi ń wọ́n omi sáṣọ tí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí ojú gásíkẹ́tì, ẹ yẹra fún kọ́ìlì àti wáyà. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń jò, omi á dí i fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ́ńjìnì á yí ohùn padà, nọ́ńbà short term á sì mì.

Awakọ̀ Ọ̀yọ́:
Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun. Omi ni mo máa lò látòní.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Mo ti rí i! Họ́ọ̀sì PCV ni. Òkè ẹ̀ dúdú ó ń dán bíi tuntun, bí mo ṣe ki ìka mi bọ abẹ́ ibi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́ báyìí, ìka mi wọlé. Nígbà tí mo yọ ọ́, ó rún sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà àná, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ̀lú òróró dúdú. Mo ti ra tuntun, mo ti fi sí i. Long term ti já bọ́ sí +13, ó ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Gbogbo owó tí mo ti ná yẹn, họ́ọ̀sì tí ò gùn tó ọwọ́ mi!

Àǹtí Páàtì:
A dúpẹ́ o.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Ẹ má bínú pé mo tún padà. Ọjọ́ karùn-ún rèé, iná ti tún tàn láàárọ̀ yìí, kóòdù kan náà. Mọ́tò ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, kì í fẹ́ kú ní Tákíẹ́ mọ́, àmọ́ ìgbọ̀nrìrì àárọ̀ yẹn ṣì wà. Mo ti fi omi dán gásíkẹ́tì wò lọ́sàn-án àná, kò sóhun tó ṣe. Ó rẹ̀ mí.

Mẹkáníìkì Apákẹ́:
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó rẹ̀ yín, ìdajì ọ̀nà lẹ wà. Ẹ padà sídìí àwòrán ọjọ́sí, ìgbóná omi 58. Ẹ́ńjìnì yẹn tó bá gbóná dáadáa á lé ní 80. Iná yín tàn nígbà tí ara ẹ́ńjìnì ò tíì yá tán. Ọ̀sán lẹ wá fi omi dán an wò, nígbà tó ti gbóná! Mánífóòdù Corolla yín, ike ni wọ́n fi ṣe é, gásíkẹ́tì ẹ̀ rọ́bà ni. Rọ́bà tó ti pẹ́ ọdún báyìí á ti le, á ti pẹlẹbẹ, tí òtútù bá mú un á sún kì, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, tí gbogbo ẹ̀ bá wá gbóná, á wú padà á sì dí. Ẹ́ńjìnì 1ZZ tó wà nínú Corolla ìgbà yẹn, èèyàn púpọ̀ ló ti bá àìsàn yìí pàdé nídìí ẹ̀. Ọyẹ́ la sì wà yìí. Ẹ jí ní agogo mẹ́fà, kẹ́ ẹ tó sítáàtì ẹ̀ kí ìgò omi ti wà lọ́wọ́ yín.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ láàárọ̀ yìí, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo sítáàtì ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo fọ́n omi síbi sílíńdà kìíní, kò sí nǹkan kan. Ìkejì, kò sí. Ìkẹta, kò sí. Bí omi ṣe kan ojú ibi tí mánífóòdù ti pàdé sílíńdà kẹrin, a gbọ́ ọ, fìììn, bí ẹni fa ọbẹ̀ lẹ́nu ṣíbí, ìgbọ̀n yẹn sì dáwọ́ dúró. Omi yẹn wọlé lójú wa. Láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Mo tún fọ́n ọn, ó tún dáwọ́ dúró. Ọmọ mi ní, “Bàbá, ẹ tún un ṣe,” a ṣe é tó ìgbà mẹ́rin.

Mẹkáníìkì Apákẹ́:
Ẹ gbé e máa bọ̀ ní Apákẹ́ lọ́la. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló máa ṣe é, ẹ sọ fún un kó nu ojú méjèèjì mọ́ tónítóní, kó má fi gọ́ọ̀mù kankan sí i, rọ́bà yẹn ò fẹ́ gọ́ọ̀mù. Àárín ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í de nọ́ọ̀tì lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, torí ike ni, tó bá fi agbára fún un á sán.

Àǹtí Páàtì:
Gásíkẹ́tì yẹn, ẹ má ra tòkunbọ̀ o, Tíṣà, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Tí ò bá sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ rán ẹni tó ń lọ sí Ìbàdàn, ẹ ní kó yà ní Aràròmí ní Gate. Kó tó sanwó kó fi èékánná tẹ rọ́bà ẹ̀, tó bá jìn tó sì wú padà, ó dáa, tí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀, ó ti gbó lórí àtẹ nìyẹn.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ìdí tí mo fi dákẹ́ ni pé mo fẹ́ rí i dájú. Iná ò tàn mọ́. Lójú kan láàárọ̀, long term +3, short term ń lọ sókè sódò láàárín -2 sí +2, MAF ti ń ka 2.1. Mo ti lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì, mo ti na Ọ̀yọ́ tó ìgbà mẹ́rin. Mo tún ṣe nǹkan kan, oxygen sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ní ó ti kú, inú búùtù ló wà, mo ní kí wọ́n dá a padà sójú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, òun ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ara ẹ̀ le koko. Mẹkáníìkì Apákẹ́ gba owó iṣẹ́ níwọ̀nba, ó tún fi gásíkẹ́tì àtijọ́ hàn mí, ibi sílíńdà kẹrin ti pẹlẹbẹ bí ìwé. Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín.

Ìyá Sienna:
Ẹ kú iṣẹ́ o, mo ti ka gbogbo ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀. Sienna 2004 lèmi ń fi kó ọmọ iléèwé, òun ń gbé P0171 àti P0174 jáde pa pọ̀. Ṣé gásíkẹ́tì náà ni kí n lọ rà?

Mẹkáníìkì Apákẹ́:
Ẹ má ì rà á, Ìyá. Sílíńdà mẹ́fà ni ti yín, apá méjì ló ní, P0174 ni ti bank 2. Tí apá méjèèjì bá jọ ń ké pé epo ò tó, ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń lò la kọ́kọ́ máa fura sí, MAF, rọ́bà ńlá tó lọ sí túrótù, pọ́ọ̀ǹpù epo. Ẹ wo fuel trim apá méjèèjì lójú kan àti ní 2500, kẹ́ ẹ kọ ọ́ wá, kẹ́ ẹ sì bá mi sọ ohun tó wà nínú àwòrán ọjọ́ tí iná tàn. Kẹ́nikẹ́ni má pa á rẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G:
Mo wà nílé lọ́jọ́ Sátidé yìí mà, àdúgbò wo lẹ wà?